Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Kòkòrò Tó Jọ Ẹ̀ka Igi, Ẹyin Rẹ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Tọ́jú

Láti ìgbà tí òjò ti dé ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí kòkòrò gbọọrọ tó jọ ẹ̀ka gbígbẹ, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní stick insect, tó máa ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí ewé lóru. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. A mú mẹ́fà síbí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko kòkó àti obì ni mo ní lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Lálẹ́ ni mo rí ọ̀kan lórí igi obì, ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ní olóró ni, kí n pa á. Ọmọ mi ní ó lè jẹ́ ẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Àgbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó

Bàbá, ẹ má pa á. Kò lóró, kì í ta èèyàn, ewé nìkan ló ń jẹ. Ẹ kàn má gbé e sún mọ́ ojú, torí àwọn kan nínú wọn ní ihò kéékèèké méjì lẹ́yìn orí tí wọ́n fi ń tu omi síta bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Anisomorpha ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbajúmọ̀ jù nídìí èyí: omi rẹ̀ máa ń ta ojú kíkankíkan.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òun gan-an ni. Èyí tó máa ń ká apá iwájú mọ́ àyà bí ẹni ń gbàdúrà, tí apá náà kún fún ẹ̀gún, tó sì lè yí ọrùn wo ẹ̀yìn, kòkòrò mìíràn ni, àwọn kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pa jẹ. Tata kan náà wà tí orí rẹ̀ gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi koríko. Itan ẹ̀yìn rẹ̀ gùn fíìfíì ju ti iwájú lọ torí pé fífò ló fi ń ṣe. Ti kòkòrò tí à ń wí yìí, kò ní irú itan afò bẹ́ẹ̀. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí itan iwájú rẹ̀. Itan náà tẹ̀ wọnú díẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ara. Ibẹ̀ ni orí máa ń wọ̀ sí nígbà tó bá na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbọọrọ síwájú, tí gbogbo ara á wá di igi kan ṣoṣo tí kò lórí.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọmọ yín, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n gígùn kọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yà tó ti ní orúkọ ní gbogbo ayé lé ní 3,000. Phobaeticus chani ti erékùṣù Borneo, tí wọ́n sọ lórúkọ ní 2008, gùn tó 567 mìlímítà bí ẹ bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Phryganistria chinensis ti ilẹ̀ Ṣáínà sì wá gùn jù ú lọ. Nílẹ̀ wa ní Áfíríkà, abo àwọn Bactrododema lè kọjá 20 sẹ̀ǹtímítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yà tuntun lè má gùn ju ìka èèyàn lọ. Ní 2025, nígbà tí wọ́n sọ Acrophylla alta ti Ọsirélíà lórúkọ, kòkòrò tó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, tó sì wọn 44 gíráàmù, ẹyin rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀.

Nítorí náà, ẹyin ni kí ẹ wá. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe àgò kan tí gíga rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn kòkòrò náà. Ẹ ki ẹ̀ka igi tí ẹ bá a lórí rẹ̀ sínú ìgò omi, kí ẹ sì fi òwú dí ẹnu ìgò náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á já sínú omi kú. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ tẹ́ bébà funfun sísàlẹ̀. Ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń pàdánù rẹ̀ ni ewé: ewé kòkó tàbí obì tí wọ́n ti fín oògùn sí lè pa á, bí oògùn náà tilẹ̀ ti pẹ́ lójú yín. Ẹ lọ gé ti ibi tí oògùn kò dé.

Bó bá jẹ́ abo tó ti dàgbà, ẹ máa gbọ́ ẹyin tó ń já lu bébà níkọ̀ọ̀kan lóru. Ẹ má gbá a dànù mọ́ ìgbẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ máa ń gùn, kì í dọ́gba, bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Ẹyin le bí èso, gbogbo wọn bára wọn mu, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdérí róbótó lórí. Àwọn ẹ̀yà kan kì í jẹ́ kó já o: wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ewé tàbí igi, àwọn mìíràn ń rì í mọ́lẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ewé kí ẹ tó dà á nù.

Lórí ẹ̀ka gúáfà kan náà ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ti mú méjì. Ọ̀kan sanra, kò níyẹ̀ẹ́. Èkejì tín-ín-rín, kò tó ìdajì rẹ̀, ó sì níyẹ̀ẹ́. Mo kọ "ẹ̀yà méjì" sí pátákó. Ṣé mo tọ̀nà? — Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, Ìperu-Rẹ́mọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́ ná. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ akọ àti abo ẹ̀yà kan ṣoṣo. Nínú ọ̀wọ́ kòkòrò yìí, akọ àti abo lè yàtọ̀ síra débi pé ẹni tó mọ̀wé kòkòrò dáadáa á pè wọ́n ní ìran méjì, ìyẹn agboolé ẹ̀yà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn lórí àwọn tó jọ ewé, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn tó jọ igi. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń pe àwọn akọ kéékèèké kan láti Papua New Guinea ní Nanophyllium, tí wọ́n sì fi abo kan tó tóbi sínú ìran Phyllium. Kò sí ẹni tó rí abo Nanophyllium rí. Ní 2018, ẹyin 13 láti Papua New Guinea dé ilé kòkòrò tó wà ní Montreal, ní Kánádà. Márùn-ún pa. Nígbà tí wọ́n dàgbà, akọ tó jáde látinú ẹyin abo "Phyllium" yìí jẹ́ Nanophyllium. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020, orúkọ méjì sì di ìran kan. Àwòrán kò lè ṣe èyí, òkú kòkòrò inú àpótí kò lè ṣe é. Ẹyin ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí kíláàsì yín ṣe irú rẹ̀. Ẹ wo ìdí ikùn àwọn méjèèjì: abo ní awẹ́ kan nísàlẹ̀ ibẹ̀ tó kó bí ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ ni ẹyin ń dúró sí kó tó já, ìdí ikùn ti akọ wú díẹ̀, ó sì ní ohun tó fi ń di abo mú. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n ṣì jẹ́, àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ní hàn dáadáa, ẹ óò dúró. Ẹ kó ẹyin lé orí iyanrìn tí ẹ ti yan lórí iná, tó sì ti tutù, kó nípọn tó 2 sẹ̀ǹtímítà, nínú ike tí ẹ dá ihò sí lórí. Ẹ fín omi sí iyanrìn ní ọjọ́ méjì méjì. Bí ẹ bá rí èbu funfun, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ dá ihò kún un. Bó bá sì gbẹ jù, ọmọ á há sẹ́nu ìdérí, á kú síbẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan ń pa láàárín oṣù méjì sí mẹ́rin, àwọn mìíràn ń lò tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà kí kíláàsì tó ń bọ̀ mọ̀ pé ogún ló ń gbà.

Ohun kan tó máa ń da èèyàn láàmú ni pé ọ̀pọ̀ abo lè yé ẹyin láìrí akọ, ẹyin náà á sì pa. Nínú Carausius morosus ti ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ayé ń sìn, abo ló ń jáde ṣáá. Bí gbogbo ọmọ tí ẹ rí bá jẹ́ abo, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀yà náà kò lákọ nínú igbó Rẹ́mọ.

Bí wọ́n bá ń pa awọ dà, wọ́n á so kọ́ lódìkejì, orí nísàlẹ̀. Àgò tí kò ga tó, ẹsẹ̀ á wọ́ nínú rẹ̀, ọmọ náà á sì di arọ. Awọ tó bọ́ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ ẹ́. Ẹ má lọ kó o kúrò nítorí ìmọ́tótó.

Ìgbà wo ni kí n wá wọn, báwo sì ni? Mo lè wọ igbó J4? — Òǹkàwé, Ògbèrè

Òru ni, láti nǹkan bí agogo mẹ́jọ sí òru ọ̀gànjọ́, torí ìgbà náà ni wọ́n ń jẹun. Ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, láti orúnkún dé ibi tí ọwọ́ lè tó, kí ẹ kọ́kọ́ wá ewé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti di jíjẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ẹ̀ka tó wà nítòsí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ẹ̀ka, ẹ fi igi gbá ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ẹ sì ní sùúrù ìṣẹ́jú kan: òkú ni wọ́n máa ń ṣe bí wọ́n bá já, wọn kì í mira lójú ẹsẹ̀. Bàtà rọ́bà tó ga dé ojúgun pọn dandan, ejò náà ń jáde lóru.

Igbó Ọmọ, tí J4 wà nínú rẹ̀, igbó ọba ni. UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tí ayé ń dáàbò bò láti 1977, erin sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ igbó Ìpínlẹ̀ Ògùn kí ẹ tó mú ohunkóhun níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ igbó mú yín wọlé. Ìwé ìmọ̀ tó lórúkọ kì í gba ẹ̀yà tuntun tí wọ́n mú láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé yín àti oko ẹbí yín náà tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ń kó kòkòrò jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Gbogbo èyí tó jọ igi tí mo gún ní pínnì ló di dúdú, tó ń rùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń já. Kí ni mo ṣì ṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ọmọ wa, oúnjẹ inú ikùn ló ń jẹrà. Kòkòrò yìí ń fi ewé kún ikùn gbọọrọ yẹn látòkè délẹ̀, bó bá sì kú, ewé náà á rà kí ara tó gbẹ. Ọ̀nà tó yẹ kí o gbà nìyí.

Kó tó kú, jẹ́ kó yé ẹyin. Ya àwòrán rẹ̀ láàyè, torí àwọ̀ ewé rẹ̀ kò ní dúró. Fi ebi pa á fún ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà gbé e sínú fìríìsà di ọjọ́ kejì. Kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, gé ẹsẹ̀ kan, ti àárín tàbí ti ẹ̀yìn, kì í ṣe ti iwájú, kí o fi sínú ìgò kékeré tí ethanol 95 nínú ọgọ́rùn-ún wà, kí o gbé e padà sínú fìríìsà. Ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n máa fi wo DNA. Má fi fọ́málínì ṣe é, ó ń ba DNA jẹ́, má sì fi sípírítì tí wọ́n ń tà nílé oògùn ṣe é, nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ abo tó sanra, mú sísọ́ọ̀sì kékeré, la ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ níbi awọ rírọ̀ tó so ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ inú. Dúró kó o tó dé awẹ́ mẹ́ta ìgbẹ̀yìn: ibẹ̀ ni àmì akọ àti abo wà, bí o bá là á, o ti ba ẹ̀rí jẹ́ nìyẹn. Fa ìfun jáde. Bí o bá bá ẹyin nínú rẹ̀, tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ni o ti yọ wọ́n, torí wọ́n lè má tíì gbó. Fi òwú díẹ̀ sí àyè ìfun.

Pínnì yóò gba àyà kọjá, láàárín ẹsẹ̀ àárín àti ti ẹ̀yìn, díẹ̀ sápá ọ̀tún. Má na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí aláǹtakùn. Ká wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara, na ìwo orí síwájú. Ó lè má wuni lójú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bá nà síta ni aṣọ ń fà já, ni àpótí ń ṣẹ́. Èyí tó ti gbẹ kó o tó tò ó, kọ́kọ́ rọ̀ ọ́: gbé e sínú ike olómọrí pẹ̀lú òwú tútù tí o kán Dettol díẹ̀ sí, má jẹ́ kí òwú kàn án, fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Má fi ipá tún un tò. Kòkòrò yìí máa ń já ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ láàyè, ní oríkèé kan náà nídìí itan, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣẹ́ bó bá gbẹ. Èyí tó bá já, kó o sínú àpòòwé pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà.

Gbé e síbi afẹ́fẹ́ tó gbẹ, kì í ṣe oòrùn. Nígbà òjò ní Ìjẹ̀bú, àpótí tí gílóòbù kékeré ń jó nínú rẹ̀ dára ju kéèyàn máa retí afẹ́fẹ́ lọ. Èèrà lè jẹ ẹ́ tán lóru ọjọ́ kan, torí náà gbé ẹsẹ̀ tábìlì sínú agolo omi tí o bu kẹrosíìnì sí. Káńfọ̀ á lé àwọn yòókù, àmọ́ má gbé àpótí náà sí yàrá tí o ń sùn.

Nígbà tí o bá ń wo ẹsẹ̀, ka oríkèé kéékèèké tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí èékánná wà. Márùn-ún ló yẹ kó jẹ́. Bí o bá rí mẹ́rin lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí ẹsẹ̀ náà sì kúrú ju ìkejì rẹ̀ lọ, má pariwo ẹ̀yà tuntun: ẹsẹ̀ tó já nígbà kékeré tó tún hù ni. Má wọn gígùn rẹ̀ fún ìwé rẹ, ti òdìkejì ni kó o wọ̀n. Wọn ìwo orí náà, kó o fi wé itan iwájú, torí bó bá kúrú jù ú lọ tàbí gùn jù ú lọ, ó ń pín àwọn ìran Áfíríkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn àgbà bíi Brunner von Wattenwyl àti Redtenbacher, tí wọ́n pín gbogbo ọ̀wọ́ yìí sí ìsọ̀rí láàárín 1906 sí 1908, gbára lé igun mẹ́ta kékeré kan nísàlẹ̀ ojúgun. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ nígbà tí wọ́n fi àbùdá àjogúnbá wọn wé ara wọn ní 2019, àwọn tó ń gbé apá ayé kan náà ló sún mọ́ra jù, kì í ṣe àwọn tó jọra lójú. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ inú ethanol yẹn kò fi gbọ́dọ̀ sọnù.

Ìwé pélébé tó máa bá a lọ ṣe kókó ju pínnì lọ. Fi pẹ́ńsù kọ ọ́, torí yíǹkì báírò á ṣí nínú ethanol. Báyìí: "Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ìjẹ̀bú-Igbó, oko obì, òǹkà ilẹ̀ láti orí fóònù, ọjọ́, oṣù, ọdún, agogo, orúkọ igi tó ń jẹ, orúkọ ẹni tó mú un." Òǹkà ilẹ̀ náà, ìyẹn nọ́ńbà GPS tó ń tọ́ka ibi tí o wà, kọ ọ́ dé nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn ààmì dẹ́símà, ìyẹn tọ́ka sí ibi tí kò ju nǹkan bíi mítà 11 lọ. "Ìjẹ̀bú" lásán kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Ṣé ìyẹn tó láti mọ ẹ̀yà rẹ̀? — Òǹkàwé, Ṣàgámù

Kò tó. Ó lè fi ìran rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá tún rí i, ẹ ya orí pẹ̀lú ìwo rẹ̀, ìdí ikùn láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ìsàlẹ̀, gbogbo ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, àti ewé tó ń jẹ. WhatsApp máa ń dín àwòrán kù, torí náà ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì. Ẹyin náà, ẹ fi awò amúǹkan-tóbi onílọ̀ọ́po mẹ́wàá sí iwájú kámẹ́rà fóònù: ẹ ya ìdérí, kí ẹ yí i, kí ẹ ya àpá gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi àpá yẹn ni àtọ̀ ti ń wọlé, bó ṣe rí sì yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Bí kókó funfun bá wà lórí ìdérí, ẹ má ṣẹ́ ẹ. Nítorí kókó yẹn ni èèrà ṣe ń gbé ẹyin lọ sínú ihò: ó jẹ kókó, ó fi ẹyin sílẹ̀ níbi tí ọ̀tá kò ti ní rí i.

Bó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, ṣé mo lè fi orúkọ ìyá mi àgbà pè é? Ṣé ojú òpó Facebook mi ni mo máa gbé e sí? — Ọ̀dọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ lè fi orúkọ ìyá àgbà pè é, inú wa á dùn sí i. Orúkọ obìnrin máa ń parí sí "-ae", ti ọkùnrin sí "-i", ti ìlú sí "-ensis". Ìjẹ̀bú á di ijebuensis, láìsí àmì ohùn, torí òfin orúkọ ẹranko kò gba àmì kankan lórí lẹ́tà. Orúkọ ara ẹni nìkan ni àwọn onímọ̀ kì í fi sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò kọ̀ ọ́.

Facebook kò jẹ́. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti 1758, ọdún ìwé Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó dá ìlànà orúkọ yìí sílẹ̀, orúkọ tó bá sì kọ́kọ́ jáde lọ́nà tó tọ́ ló ń borí. Lẹ́yìn 1999, ẹni tó bá sọ ẹ̀yà lórúkọ gbọ́dọ̀ sọ gbangba pé tuntun ni, kó kọ ohun tó fi yàtọ̀, kó yan òkú kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní holotype gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí orúkọ náà, kó sì sọ ilé tó tọ́jú rẹ̀ sí. Láti 2012 ni ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ní ẹ̀tọ́ náà, bí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ZooBank, ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni wíwá bóyá ẹnìkan ti sọ ọ́ lórúkọ tẹ́lẹ̀. Orúkọ àtijọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé akọ nìkan tàbí ọmọ tí kò tíì dàgbà ni wọ́n fi sọ ọ́, láìsí ẹyin. Phasmida ni orúkọ ìmọ̀ ọ̀wọ́ kòkòrò yìí; Phasmida Species File lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó orúkọ wọn jọ, pẹ̀lú àwòrán ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí. Ẹ fi tiyín wé gbogbo ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìyàtọ̀ ojú yá yín lára jù. Ní Lord Howe, erékùṣù Ọsirélíà kan, eku tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ̀lú ní 1918 jẹ Dryococelus australis run. Ní 2001 wọ́n rí díẹ̀ lórí àpáta Ball's Pyramid nítòsí ibẹ̀, àmọ́ wọn kò jọ àwọn ti inú àpótí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dáadáa. Títí 2017 ni iyèméjì fi wà, kí DNA tí wọ́n yọ lára àwọn òkú àtijọ́ yẹn tó fi hàn pé ẹ̀yà kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ má ṣe é fúnra yín nìkan. Ẹ kó kòkòrò, ẹyin, ẹsẹ̀ inú ethanol àti ìwé pélébé lọ bá àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, kí orúkọ yín wà lára àwọn tó kọ ìwé náà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí holotype dúró nílé. Natural History Museum wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Kí akọ kan, abo kan àti ẹyin bíi mẹ́wàá tí kò tíì pa wà nínú àpótí kan náà, kí gbogbo wọn ní nọ́ńbà, kí ìwé pupa sì wà lábẹ́ pínnì holotype nìkan.